Ta Ni Yóò Sanwó Àtẹ̀gùn Tí Kì Í Yọ̀?

Ọ̀nà ọ̀dà tó kúrò ní Dassa, tó gba Savalou àti Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou, tí kò sì dúró títí ó fi kan ààlà Burkina Faso ní Porga, ni ọ̀nà oúnjẹ àwọn ará ẹkùn Collines ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Orí rẹ̀ ni iṣu, kajú àti gàrí ń gbà dé Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ Savalou polówó gàrí nítorí pé ó dára. Ọkọ̀ ló ń gbé ẹrù wọ̀nyí rìn, àmọ́ ènìyàn ló ń gbé wọn wọ ọkọ̀. Àtẹ̀gùn kékeré ẹnu ilẹ̀kùn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àtẹ́lẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tán, ni gbogbo èrò ń tẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Irin yẹn ń yọ̀.

Ó ń yọ̀ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò ń rọ̀, tí ẹrẹ̀ pupa etí ọ̀nà ń lẹ̀ mọ́ sálúbàtà èrò. Ó tún ń yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí epo pupa bá jò sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì. Obìnrin tó pọn ọmọ, tó sì fi ọwọ́ kan di igbá orí rẹ̀ mú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un láti fi gbá ọkọ̀ mú. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀, eegun ló ń gbà á.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọkọ̀ ṣe ń jáde nílé iṣẹ́. Volkswagen ìjàpá tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa ní rọ́bà onílà lórí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu lónìí ló ní irú rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n àlòkù ni púpọ̀ nínú wọn, ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíì ti jẹ rọ́bà wọn tán kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá rà wọ́n yóò tún ẹ́ńjìnnì ṣe, yóò pààrọ̀ táyà, nítorí àwọn yẹn ló ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà. Àtẹ̀gùn kì í dá ọkọ̀ dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó wà nìyí. Ẹni tí yóò sanwó àtúnṣe kọ́ ni ẹni tí yóò ṣubú. Ọlọ́kọ̀ wà nílé. Awakọ̀ ń ronú owó tó gbọ́dọ̀ jẹ́ fún un. Èrò kò sì lè torí àtẹ̀gùn yan ọkọ̀, èyí tó kàn láti kún ni yóò wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ṣe ń bọ́ sí ọrùn ẹni tí kò jẹ ẹ́. Bí obìnrin kan bá kán lẹ́sẹ̀ ní Bantè, Savalou ni ilé ìwòsàn tí kómúùnù (ìjọba ìbílẹ̀) méjèèjì jọ ń lò wà, ó sì lé ní 50 kìlómítà. Yóò san owó ọkọ̀ àti ti àwòrán eegun, tàbí kó lọ bá oníṣègùn tó ń to eegun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjà tí kò ní lè ná fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àti gàrí tí kò ní lè yan. Ọlọ́kọ̀ kò rí ìkankan nínú ìnáwó wọ̀nyí, ìdí nìyẹn tó fi rò pé àtẹ̀gùn òun kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ àtúnṣe náà kò le. Wẹ́dà lè jó ìlà tó yọrí díẹ̀ sí orí irin náà ní ìbú, kí ẹsẹ̀ lè rí ohun dì mú. Ó lè lo irin tí ojú rẹ̀ ní kókó, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ìyẹn lè gé táyà ọkọ̀ ńlá tó ti gbó, kó kọ ojú onílà rẹ̀ sókè, kó sì fi bóòtì dè é. Kí ó má fi ìṣó kàn án, nítorí ìṣó yóò yọ lọ́jọ́ kan, yóò sì gún ẹsẹ̀. Kí ó lu ihò sí i kí omi lè jò kúrò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìpẹtà yóò jẹ irin náà láti abẹ́. Èyí tó rọrùn jù ni ọ̀dà àti yanrìn: kí wọ́n ha ìpẹtà dànù, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ epo kúrò, kí irin náà gbẹ, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n wọ́n yanrìn mímọ́ tí wọ́n ti sẹ́ sórí rẹ̀ nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, kí wọ́n sì tún ọ̀dà kùn lé e. Yóò jẹ, wọn yóò sì tún un ṣe. Kápẹ́ẹ̀tì tí àwọn kan ń tẹ́ síbẹ̀ burú, ó ń mu omi, ó sì ń sún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n má gbàgbé etí àtẹ̀gùn, ibi tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń bà lé.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di dandan pé àtẹ̀gùn ọkọ̀ akẹ́rù gíga, irú èyí tí ìjókòó awakọ̀ wà lókè ẹ́ńjìnnì, kò gbọdọ̀ máa yọ̀. Ó kan àwọn tí wọ́n ṣe láti 1982. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gun ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni òfin náà ń dáàbò bò. Wọ́n mọ̀ níbẹ̀ pé ẹni tí kì í gun àtẹ̀gùn kì í sábà rántí rẹ̀.

Savalou àti Bantè kò ní láti dúró de òfin láti Kútọnu. Láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò àwọn kómúùnù ní oṣù Kejìlá 2002, àbójútó gáréèjì ti wà lára iṣẹ́ wọn. Ní 15 oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún iṣu Savalou, àwọn ọmọ ìlú máa ń wọlé láti ọ̀nà jíjìn, àkókò òjò sì ni. Kí àwọn alága kómúùnù méjèèjì àti ẹgbẹ́ awakọ̀ fi ọjọ́ kan sí i ṣáájú ọdún iṣu tó ń bọ̀: ọkọ̀ tí àtẹ̀gùn rẹ̀ bá ṣì ń dán kò gbọdọ̀ kó èrò ní gáréèjì wọn. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ náà, ẹ pe wẹ́dà ní ọ̀sẹ̀ yìí.