Ẹ Má Ra Ikú Sábẹ́ Ọkọ̀ Ní Pọ́ọ́kú

Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn máa wa ọkọ̀ tó ti dàgbà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò kékeré ń wò lókèèrè. Ọkọ̀ ogún ọdún ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, irú rẹ̀ náà ni àwọn awakọ̀ fi ń kó èrò láti Ìbàdàn dé Ìlọrin àti láti Kaduna dé Kano. Èmi kò wá sọ pé kí a jù ú nù. Ohun tí mo ń bá wa jà lé lórí ni ọ̀nà tí a ń gbà ná ìwọ̀nba owó ọwọ́ wa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá bàjẹ́.

Ìwà wa ni pé ohun tó bá pariwo ni a máa ń tọ́jú. Ní ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó bí mo bá ti wọ kòtò. Mẹkáníìkì kan kàn tẹ orí rẹ̀ lásán, ó ní gbogbo ẹsẹ̀ ti lọ, kí n wá owó ṣọ́ọ̀kì méjèèjì àti ti búṣì gbogbo. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè ná. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, línkéèjì sítébíláísà ló ń pariwo, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti irin gígùn bọ abẹ́ táyà tí a sì gbé e díẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì ti dẹ̀, ó ń mì síwá sẹ́yìn. Òun kò dún rárá. Bẹ́ẹ̀ òun ni ì bá pa mí.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì yìí ló so áàmù ìsàlẹ̀ mọ́ ibi tí táyà gbé ń yí. Bí ó bá já lórí eré, táyà yóò ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ awakọ̀ kò sì ní ká ọkọ̀ mọ́. Nítorí ohun kékeré yìí ni Toyota ṣe pe ọkọ̀ tó ju 700,000 padà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, tí Tacoma àti 4Runner wà lára wọn. Kí ló wá dé tí àwa fi ń gbà kí wọ́n jó irin sí èyí tó ti jẹ tán, kí ó lè bá wa rìn títí owó yóò fi dé?

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí owó máa tẹ̀ lé ewu. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti tai rọ́ọ̀dù, tuntun ni kí a rà, lọ́wọ́ ẹni tí a lè padà bá, kódà bí línkéèjì yóò bá máa pariwo di oṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni rọ́bà. Àwọn kan máa ń sọ pé tokunbọ̀ Belgium sàn ju tuntun ayédèrú lọ, n kò sì ní pè wọ́n ní òpùrọ́ bí ọ̀rọ̀ bá kan irin. Áàmù tí kò tẹ̀, tí ìpẹta kò sì jẹ, lè sìn wá fún ọdún púpọ̀; sípíríìǹgì náà bẹ́ẹ̀, bí méjèèjì bá ti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo wá. Ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó bí a lò ó bí a kò lò ó. Ẹ ra irin tokunbọ̀ bí owó bá há, kí ẹ sì fi búṣì tuntun sí i.

Ṣọ́ọ̀kì tó bá ń da òróró, méjì-méjì ni à ń pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n lu ihò sí, tí wọ́n rọ òróró sí, tí wọ́n sì jó pa, ẹ̀tàn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni.

Ohun kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í sì í ṣe. Ìgbà tí táyà bá ti tẹ ilẹ̀, tí ọkọ̀ ti jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ni kí a tó fún nọ́ọ̀tì búṣì pinpin. Bí a bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro lórí jáàkì, a ti lọ́ rọ́bà tuntun náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sì ya láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó wá máa bú ẹni tó tà á.

Àwọn àgbà yóò rántí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní ọdún 1975. Kò sí ìlú tí mẹkáníìkì rẹ̀ kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹní mowó. Lónìí, ọkọ̀ méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí ọ̀kan ti Amẹ́ríkà wá tí èkejì ti Yúróòpù wá, lè jọ ara wọn bí ìbejì kí ẹsẹ̀ wọn má bára mu. Nítorí náà, ẹ gbé èyí tí ẹ tú dání lọ sí Ládípọ̀, Nnewi tàbí Apo, kí ẹ fi gígùn rẹ̀ àti ihò rẹ̀ wé tuntun. Ẹ má gba àpótí gbọ́. Àmì Japan lè wà lára rẹ̀ kí ohun inú rẹ̀ má dé Japan rí.

Ìjọba náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Òfin ọdún 1971 ló dá àjọ SON sílẹ̀ láti mójú tó ojúlówó ọjà, ó sì yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ àwọn tó ń kó ayédèrú wọlé kí ó tó dé orí àtẹ. Àwọn ayẹ̀kọ̀wò ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ń dá wa dúró béèrè ìwé, kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ èrò kí wọ́n tó buwọ́ lù ú pé ó yẹ fún ojú pópó. Jáàkì kan àti irin gígùn kan tó fún iṣẹ́ náà, kò sì ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí ọkọ̀ kan.