Ìtẹ́lọ́rùn Kò Jọ Àìní

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ yàrá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé ní Agbowó, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, yóò rí i pé ẹrù inú rẹ̀ kò tó nǹkan: fóòmù kan tí a tẹ́ sílẹ̀, sítóòfù gáàsì kékeré, korobá omi méjì, ìwọ̀nba aṣọ òkìrìkà, àti fóònù kan ṣoṣo tí ó ti gba iṣẹ́ mọ́ rédíò, aago àti kámẹ́rà lọ́wọ́. Àwọn kan ń yìn wọ́n pé wọ́n ti yan ìgbé-ayé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, pé ọ̀làjú tuntun ni. Kí a tó bá wọn pàtẹ́wọ́, ó tọ́ kí a béèrè ohun tí ó gbé wọn dé ibẹ̀.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn náà ni wọ́n sì kìlọ̀ fún ẹlẹ́wà Sàpọ́n pé kí ó ṣe bí ó ti mọ. Ní ọdún 1956 ni olóògbé Tai Solarin dá Ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Títí ó fi kú ní ọdún 1994, ṣòkòtò péńpé, ẹ̀wù alápá kúkúrú àti fìlà ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Kì í ṣe pé kò lè ra agbádá. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń ro oko. Aṣọ tí ènìyàn lè fi bá wọn di ọkọ́ mú ni ó wọ̀. Alhájì Lateef Jakande ṣe irú rẹ̀ nínú ìjọba: ní gbogbo ìgbà tí ó fi jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọdún 1979 sí 1983, ilé ara rẹ̀ ní Ìlúpéjú ni ó ń gbé, ọkọ̀ ara rẹ̀ ni ó sì ń lò, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ń dìde káàkiri ìlú. Àyè àti jẹ púpọ̀ wà níwájú àwọn méjèèjì; wọ́n rí i, wọ́n sì kọ̀ ọ́.

Àwọn ọmọ Agbowó ńkọ́? A kò sẹ́ pé àwọn kan nínú wọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀dọ́ tí ó bá lè wí fún ẹbí rẹ̀ pé òun kò ra aṣọ ẹbí mọ́, akin ni lójú wa. Àwọn mìíràn ń múra àtilọ sí òkè òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní jápa. Ta ni yóò ra àga nígbà tí kò ju àpótí méjì lọ tí yóò bá a wọ bàálù? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò yan nǹkan kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, náírà já wálẹ̀. Nígbà tí a fi sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024, àpò ìrẹsì kan ti ju iye náà lọ ní ọ̀pọ̀ ọjà. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ èyí jù wá lọ.

Ohun tí ó ń bí wa nínú ni pé ẹnu àwọn tí kò fi nǹkan kan du ara wọn ni ìwàásù ìfaradà ti ń jáde. Ní ọdún 2023 kan náà ni àwọn aṣòfin àpapọ̀ gba ọkọ̀ jíìpù tuntun olówó ńlá. Ní ọdún 2024 a ra bàálù mìíràn fún Ààrẹ. Kí wọ́n má ṣe fi yàrá òfìfo Agbowó ṣe ẹ̀rí pé ìlú ti kọ́ ìwà rere.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ lè wà, nígbà tí olùdíje bá tún wá bẹ̀ yín fún ìbò, ẹ bi í léèrè ní gbangba: ilé ta ni yóò máa gbé, ọkọ̀ ta ni yóò sì máa gùn, bí ó bá wọlé?