Ìràwọ̀ Méjì Kò Tó, Bí Wọn Kò Bá Mọwọ́ Ara Wọn

Ẹni tí ó bá mọ Post Office ní ìlú Ìlọrin dáadáa yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀ nìkan. Ibi àríyànjiyàn ni pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn a yí ẹni tí ń ta ìwé ìròyìn ká, wọn a ka àkọlé láìra ìwé, wọn a sì máa jiyàn lórí ìjọba, owó ọjà àti eré ìdárayá. Ní ọdún 2023, nígbà tí Kwara Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Ìlọrin wa yìí, lọ ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje BAL ní ìlú Dakar, mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ níbẹ̀ pé kí á sá wá owó, kí á fi ra ìràwọ̀ méjì láti òkè òkun, gbogbo rẹ̀ yóò sì dára. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ìràwọ̀ méjì tí kò mọwọ́ ara wọn, ènìyàn méjì lásán ni wọ́n nínú pápá. Owó kọ́ ni a sì fi ń ra ìmọwọ́-ara-ẹni. Ọjọ́ ni a fi ń rà á. Kí ọ̀rọ̀ mi má bàa dà bí àlá, ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ láti ọ̀dọ̀ ọmọ tiwa.

Ìlú Èkó ni a ti bí Hakeem Ọlájùwọ́n ní ọdún 1963. Bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ni ó ń gbá, ó sì tún máa ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kí ó tó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ rárá. Ní 1980 ó lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà, níbẹ̀ ni ó sì ti pàdé Clyde Drexler. Hakeem ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje; abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Drexler kò ga tó o, ṣùgbọ́n ó ń sáré bí ẹ̀fúùfù. Bí alátakò bá ju bọ́ọ̀lù, tí Hakeem sì gbà á, Drexler kì í dúró wo ẹ̀yìn. Yóò ti gbéra lọ sí òdì kejì pápá, nítorí ó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn méjèèjì bá ilé-ìwé wọn dé ìpele mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ní 1982, wọ́n sì dé àṣekágbá ní 1983, níbi tí North Carolina State ti fi 54 sí 52 borí wọn ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà wọn yà. Drexler lọ sí Portland ní 1983. Ẹgbẹ́ Houston Rockets sì mú Hakeem ṣáájú gbogbo ènìyàn ní 1984, àní ṣáájú Michael Jordan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1995 ni Drexler tó padà wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí nìyí. Ọbẹ̀ náà kò dùn lójú ẹsẹ̀. Nínú eré 82 ti ọdún náà, 47 péré ni Rockets borí, ipò kẹfà ni wọ́n sì wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Olórí ni Drexler ní Portland. Ní Houston, ó ní láti gbà pé ọ̀dọ̀ Hakeem ni bọ́ọ̀lù yóò kọ́kọ́ máa lọ. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdíje ife-ẹ̀yẹ dé, Utah fi 2 sí 1 ṣáájú wọn, wọ́n borí. Phoenix fi 3 sí 1 ṣáájú wọn, wọ́n tún borí. Wọ́n wá na Orlando, tí Shaquille O'Neal wà nínú rẹ̀, ní 4 sí 0. Títí di òní, kò sí ẹgbẹ́ tí ó wà ní ipò tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba ife náà rí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí Hakeem gba ife ní 1994 láìsí Drexler? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ti 1994 náà kì í ṣe àkójọ òòjọ́. Láti 1988 ni Otis Thorpe ti ń bá Hakeem gbá a. Ẹlòmíràn lè ní, Ralph Sampson ńkọ́, òmìrán bíi Hakeem? Àwọn méjèèjì dé àṣekágbá ní 1986, Boston ni ó borí wọn. Lẹ́yìn náà ni orúnkún Sampson ń dà á láàmú, nígbà tí 1987 sì fi ń parí lọ, ó ti kúrò. Gíga wà, agbára wà. Ọjọ́ ni kò tó.

Kí ni àwa ń ṣe níhìn-ín? Bí ìdíje bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, a ó kó ọmọ jọ. Bí ó bá parí, a ó tú wọn ká. Àwọn méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọwọ́ ara wọn, ọ̀kan yóò gba Èkó lọ, èkejì yóò wá iṣẹ́ mìíràn. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti Álífà. Ọmọ Ìlọrin tí ó ní ẹ̀bùn yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí àlejò ọ̀sẹ̀ kan lè rí ààyè. Nínú ọgbà yunifásítì pàápàá, àwọn tí ó wà ní ọdún tí ó kẹ́yìn ń jáde lọ láì kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ohunkóhun.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Bí ọmọ méjì bá gbọ́ra wọn yé, kí á wá owó tí yóò dá wọn dúró fún ọdún mẹ́ta, dípò èyí tí a ó fi ra àlejò. Bí a bá fẹ́ yan ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, kí á wò ó bí ó ti ń bá ẹlòmíràn gbá a, kí á má wo iye tí ó dá jù wọlé nìkan. Kí àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ sì máa bá àwọn àbúrò wọn ṣe ìdánrawò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ méjì kò bá mọ ìgbà tí wọn yóò jọ gbé e, ilẹ̀ ni ẹrù náà yóò wà.