Ẹ Má Tíì Na Ọmọ Tó So Ìró Yín Mọ́ Ọrùn

 

Ọ̀rọ̀ ọmọ la fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ìyá wa tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún wa láyè díẹ̀. Bíbélì la máa tọ́ka sí jù, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọmọ tiyín náà ń so ìró mọ́ ọrùn.

Ẹ ti ọjà dé lálẹ́, ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ bá ọmọ lórí àga. Ìró tẹ́ ẹ fẹ́ ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́rùn ẹ̀, ó lóun ni Superman. Ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń ṣe ò ju méjì lọ: ká gbá a létí, tàbí ká ní ẹ̀mí èṣù ti wọ ọ́ lára. Ọ̀kan nínú wa kó gbogbo fídíò ọmọ ẹ̀ jọ, ó dáná sun wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ọmọ sunkún títí. Lọ́jọ́ kejì ó lọ wò ó nílé aládùúgbò. Kí la wá jèrè?

Ká má parọ́ fúnra wa, àwa náà là ń tà á. Báàgì iléèwé tó ní àwòrán Spider-Man, ike omi, sálúbàtà, òkìríkà ọmọdé, àwa là ń kó o wá sọ́jà, èrè ẹ̀ la sì fi ń san owó iléèwé. A ò lè máa tà á lọ́sàn-án ká tún máa gégùn-ún fún un lálẹ́.

Èrò tiwa ni pé ká jókòó ti ọmọ, ká bi í pé, “Ta lẹni yìí? Kí ló ṣe?” Àwọn ọmọ Júù méjì tí wọ́n ń gbé Cleveland ní Amẹ́ríkà, Jerry Siegel àti Joe Shuster, ló ronú Superman jáde, ó bọ́ sínú ìwé ní 1938. Nínú ìtàn ọ̀hún, ibi tí wọ́n bí i sí fẹ́ parun, ni àwọn òbí ẹ̀ bá gbé e sínú ọkọ̀ òfúrufú kékeré, wọ́n rán an lọ, tọkọtaya àgbẹ̀ kan rí i, wọ́n sì tọ́ ọ. Ìyá tó bá mọ ìtàn Mósè nínú apẹ̀rẹ̀ létí odò ti mọ ibi tó máa gbà wọlé.

Ti Spider-Man, tó jáde ní 1962, tún kàn wá jù. Ọmọ òrukàn ni. Mọ̀lẹ́bí bàbá ẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ ló tọ́ ọ. Nígbà tó rí agbára, owó ló kọ́kọ́ fẹ́ fi í pa. Olè sá kọjá níwájú ẹ̀, ó ní kò kan òun. Olè yẹn náà ló padà wá pa ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Nínú ọjà wa yìí ńkọ́? Ẹni mélòó ló ti rí ọwọ́ olè nínú ìsọ̀ ẹlòmíì, tó wojú sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti sọ ìtàn ará Samáríà fọ́mọ, pẹ̀lú àlùfáà àti ọmọ Léfì tí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá.

Sámsọ́nì wà ńbẹ̀ fún ọmọ tó fẹ́ràn agbára tí ò sì lè kó ara ẹ̀ níjàánu. Ọmọbìnrin náà ní tiẹ̀: Jáélì tó fi èèkàn àgọ́ mú ọ̀gágun Sísérà balẹ̀, ìyàwó ilé ni, kì í ṣe ọmọ ogun.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó yẹ ká ṣọ́ra. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan béèrè lásìkò Àjíǹde pé tí Jésù bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ò fò kúrò lórí àgbélébùú? Ìyá ẹ̀ ní, “Dákẹ́ ẹnu ẹ!” Áà, ẹran ló yẹ kí wọ́n fún ọmọ yẹn! Nínú Mátíù orí 26, Jésù fúnra ẹ̀ sọ pé òun lè bẹ Baba, kó rán àwọn áńgẹ́lì tó ju ẹgbẹ́ ogun méjìlá lọ. Kò bẹ̀ ẹ́. Lílù ni akọni inú fíìmù fi ń gbani. Jésù, òun ni wọ́n lù. Tá a bá tò ó mọ́ Superman bí ẹni to tòmátì, ọmọ á dàgbà, á mọ̀ pé irọ́ ni Superman, á sì da àwọn méjèèjì nù pọ̀. Ẹ sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé àròsọ nìyí, òtítọ́ tá a gbà gbọ́ nìyí. Ẹ sọ fún un pé Chadwick Boseman tó ṣe Black Panther ní 2018, jẹjẹrẹ ló pa á ní 2020, ẹni ọdún 43 péré. Ẹ sì sọ ọ́ kó yé e pé èèyàn kankan kì í fi ìró fò, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

A mọ̀ pé àsìkò ò sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́ ẹ fi ń ṣa ẹ̀wà ti tó. Ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ tiyín. Ìró ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní èyí tó ti gbó.