Ènìyàn Laṣọ

Ẹni tó bá ti bá wa ṣe ìkórè rí yóò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan síwájú pẹpẹ. Àwọn kan á jó jáde nínú àǹkárá, àwọn mìíràn nínú léèsì, gèlè á ga bí òkè. Ó dùn-ún wò. Èmi náà máa ń jó, n kò ní purọ́.

Lọ́dún kan, ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó níwájú mi kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lórí WhatsApp ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn ò yé dárúkọ rẹ̀: màmá kò tíì san owó aṣọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta ata lọ́jà, tí kì í tilẹ̀ í ṣe ọmọ ìjọ wa, ló lọ kanlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ìyá ti wú, kò lè dìde.

Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Aṣọ ń bo ìhòòhò, ènìyàn ń bo àṣírí. Ẹ kíyè sí i, wọn ò sọ pé aṣọ lènìyàn. Àwa la yí i sódì.

Aṣọ fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ wá. Dọ́káàsì, tí àwọn obìnrin ìjọ fi ń sọ ẹgbẹ́ wọn lórúkọ, aṣọ ló ń rán ní Jọ́pà. Nígbà tó kú, àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù tó rán fún wọn hàn án. Ká ní owó aṣọ ló ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni, ta ni ì bá sunkún?

Àìrí ẹbí ló sì sọ ẹgbẹ́ di ẹbí fún àwọn kan. Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kó dé Sàró, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìyekan níbẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dáwó tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń sin òkú ara wọn. Sàró yìí náà ni Àjàyí Crowther, ọ̀kan lára wọn, ti gba orúkọ Samuel. Ọdún 1821 ni ogun kó òun àti ìyá rẹ̀ ní Òṣogùn, tí wọ́n sì pín wọn níyà. Ó di ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n tó tún fojú kanra. Nígbà tí ìyá ṣe ìrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́. Ta ló tún lè jẹ́ ìyá Sámúẹ́lì?

Lọ́jọ́ ìkórè, ìyá tiwa wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláta ló dì í mú wọlé. Wọ́n pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó wo bùbá àtijọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó padà. A jó, a jó. Ìgbà tí wọ́n wá pe àwọn àlejò, aláta dìde, ó fà á lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì rọra jó lọ síwájú.