Oko Bàbá Ẹni àti Oko Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ọmọ tí ó ń fọ́nnu ni a sábà máa ń ju òwe yìí lù. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, a ó rí i pé ọmọdé kì í dá ọ̀nà oko mọ̀, àgbà tí ó yẹ kí ó mú un lọ, tí kò sì mú un lọ, ni ìbéèrè kọ́kọ́ tọ́ sí.

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pinnu pé, kí ọdún 2030 tó parí, kí a ti kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti í jẹ́ ọmọ aráyé tí ó mọyì àṣà ẹlòmíràn. Ìpinnu rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ inú òwe wa ti mọ oko bàbá rẹ̀ láti poro dé poro, ìyẹn ni ó fi ní ohun tí yóò fi wọn ti ẹlòmíràn; inú oko ilé gan-an ni ó sì yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó fi yé ọmọ pé láti Bràsíl ni àwọn Potogí ti kó ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí wá. Pé àgbàdo, tí ó rìn hòhò lọ sóko tí ó kó igba aṣọ bọ̀ wálé, Mẹ́síkò ni orírun rẹ̀. Pé Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó ti ṣẹ̀ wá, kòkó tí owó rẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955. Kí ó sì fi kún un pé àwọn obìnrin Salvador, ní Bahia ní Bràsíl, ṣì ń din àkàrà tí àwọn ìran wa tí a kó lẹ́rú gbé dé ibẹ̀.

Èdè wo ni a ó fi sọ ọ́? Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fèsì, ní Ifẹ̀ Oòyè, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì dúró ní àyè tirẹ̀ bí ẹ̀kọ́ kan, àwọn ọmọ náà sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, títí di òní, ilé-ẹ̀kọ́ wà tí a ti ń na ọmọ, tí a ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí wọra. Kí àwọn alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ fagi lé ìyà yẹn ná, kí wọ́n tó gbé àwòrán ayé kọ́ ara ògiri kíláàsì.