Ta Ló Ń Sọ Owó Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Nù?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, pàápàá jù lọ ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ jẹ́ kí á sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún ara wa. Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, igbe kan náà ni à ń gbọ́ láti Máfolúkù títí dé Ọ̀kọ́ta: ọmọ yege, yunifásítì gbà á, ṣùgbọ́n kò sí owó. Baba á ní kí ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ ná. Ìyá á máa sá kiri lọ́dọ̀ àwọn olówó sogúndogójì. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ọmọ náà, ẹbí á ní kí ó kúkú máa lọ sílé ọkọ.

Èmi kò sọ pé irọ́ ni ìṣẹ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ga lóòótọ́. Ní ọdún 2011, LASU, yunifásítì tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní 1983 kí ọmọ mẹ̀kúnnù lè kàwé, gbé owó rẹ̀ kúrò ní 25,000 náírà, ó sọ ọ́ di iye tí ó wà láàárín 193,750 àti 348,750 náírà. Ọdún 2014 ni ìjọba tó dá a padà sí 25,000, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ̀hónú hàn títí. Ní 2023, UNILAG tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń san 19,000 náírà gbé tirẹ̀ kọjá 100,000. Kí jámáà kọ̀ọ̀kan dá ara rẹ̀ lóhùn: ní ọdún méjèèjì yìí, ọmọ mélòó ni ẹ gbà sílẹ̀?

Ẹjọ́ tí mo wá rò ni pé, nínú owó tí ó yẹ kí ó ran àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́, a wà nídìí ohun tí ó ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, áfáà pe ọmọ ní Zikrullah. Nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ ní Sikiru. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, ó fúnra rẹ̀ kọ Shakirudeen, nítorí pé ó dùn ún lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yẹn kò tilẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ tan. Ẹni tí ó gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún nọ́ńbà ìdánimọ̀, ìyẹn NIN, kọ Sikirulahi. Àwọn ọmọbìnrin wa náà ń kọ́? Rafiat, Rofiat, Rofiyat. Risikat, Riskat, Rizqat. Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn lójú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò jẹ wòlímọ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé Sikiru ni Zikrullah. Bí orúkọ tí ó wà nínú ìwé JAMB kò bá bá ti NIN mu, tí ti báńkì tún yàtọ̀, ẹ̀rọ á dá fọ́ọ̀mù náà padà ni. Kí ọmọ tó lọ búra ní kóòtù, kí ó tó san owó àtúnṣe, kí ó tó máa lọ máa bọ̀, ọjọ́ ti kọjá lórí sìkọ́láṣípù. Lẹ́yìn náà ni a óò wá máa sọ pé wọn kò fún un nítorí pé Mùsùlùmí ni.

Mo mọ̀ pé ìrẹ́jẹ wà ní ilẹ̀ yìí, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Síbẹ̀, orúkọ tí a kọ ní ọ̀nà mẹ́rin, ta ló rẹ́ wa jẹ? Ẹ̀yin áfáà, iṣẹ́ yín ni èyí pẹ̀lú. Ẹ kọ orúkọ náà sínú ìwé fún baba ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gbé e lọ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlú ẹni náà tún wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wa tí a ń kírun ní Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò wá láti Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ìwó, Ẹdẹ, àti Ìjẹ̀bú. Bọ́sárì tí Lagos State Scholarship Board ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà fún ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ Èkó. A ti ń tìtorí èyí bú Èkó fún ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti lọ bèèrè ti ìpínlẹ̀ baba rẹ̀? Iléyá kọ̀ọ̀kan la máa ń lọ sílé lọ jẹ ẹran. Kò burú kí á yà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀lé e, kí á gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú fún ọmọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ń fúnni. MTN Foundation ti ń fún àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ní owó láti 2010, ṣùgbọ́n máàkì tí ó jọjú ni wọ́n ń wò. Kí ọmọ má ṣe dúró di ìgbà tí owó bá tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ẹni tí ó bá sì ní kí o kó owó wá kí òun tó bá ọ gba sìkọ́láṣípù, lábẹ́ afárá Òṣòdì tàbí níbikíbi, olè ni.

Mo ti fi etí ara mi gbọ́ tí oníwàásù kan ń sọ pé ribà ni owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò. Ààrẹ Tinubu kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023. Wọ́n tún un ṣe, ó sì tún fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024. Àtúnṣe yìí mú ọ̀rọ̀ oníduro kúrò. Àjọ NELFUND ni ó ń bójú tó o, ọ̀fẹ́ sì ni fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, wọ́n sì ya 20,000 náírà sọ́tọ̀ lóṣù fún oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bèèrè fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá parí àgùnbánirọ̀ ni sísan án padà ń bẹ̀rẹ̀. Òfin náà kò sì fi èlé kan sí i: iye tí ọmọ gbà ni iye tí yóò san. Níbo wá ni ribà wà níbẹ̀? Áfáà tí ó bá ní ẹ̀rí mìíràn, kí ó mú un wá, kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe gbọ́ pé wọ́n yá ènìyàn lówó, kí ó kàn figbe ta, nígbà tí ìyá ọmọ kan náà ń san sogúndogójì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọjà Òṣòdì tí ẹnikẹ́ni kò sì wàásù nípa rẹ̀. Òótọ́ ni pé gbèsè ni, ẹ̀sìn wa kò sì fi gbèsè ṣeré. Nítorí náà, kí á kọ́kọ́ wá èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bùn. Bí a kò bá rí i, kí á gba èyí, kí á sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Wàyí o, owó tiwa fúnra wa ńkọ́? A ń ṣe lọ́ńṣìn fún kápẹ́ẹ̀tì, a ń ṣe fún ṣóńṣó mọ́sálásí. Bí a bá fẹ́ wé láwàní fún Bàbá Àdínì, aṣọ ẹbí á jáde, màlúù á ṣubú, owó á máa fò lójú agbo. Alhaji tí ó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ń múra ẹ̀kẹrin, nígbà tí ọmọ làdánì rẹ̀ jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ìgbàwọlé lọ́wọ́. Nínú Súrà Taobah, áyà 60, irú ènìyàn mẹ́jọ ni Ọlọ́hun kà tí sàká tọ́ sí, tálákà ni ó sì fi ṣáájú. Ṣé bí ọmọ tálákà bá ti wọ yunifásítì, kì í tún ṣe tálákà mọ́ ni?

Kò sí ohun tí mò ń sọ tí wọn kò ì ṣe rí. Àwọn ará Ìbíbíò, tí kì í ṣe pé wọ́n lówó jù wá lọ, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1928. Nígbà tí ó di 1938, ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi owó tí wọ́n dá jọ rán lọ sí òkè òkun lọ kàwé. Báńkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù tí ó wà ní Jeddah náà ti bẹ̀rẹ̀ ètò sìkọ́láṣípù láti 1983 fún ọmọ àwọn Mùsùlùmí tó wà ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é ni mo fẹ́ kí á jí lò: ẹ̀bùn ni owó náà fún àwùjọ, ṣùgbọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́, gbèsè láìsí èlé ni. Bí ó bá ríṣẹ́, inú àpò àwùjọ rẹ̀ ni yóò san án sí, ọmọ mìíràn á sì gbé e. Àwọn baba wa kúkú mọ irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923 ni ó dá Ansar-Ud-Deen College sílẹ̀ ní Ìsọlọ̀ níbí ní 1958. Wọn kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó dìde.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ jámáà kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Kí wọ́n yọ ìpín kan nínú sàká sọ́tọ̀ kí oṣù ààwẹ̀ tó ń bọ̀ tó wọlé, kí wọ́n sì kéde iye rẹ̀ lórí mínbárì ní Jímọ̀, kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Lẹ́yìn asalátù ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n gbé tábìlì kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí, kí ọ̀dọ́ méjì tí ó mọ kọ̀ǹpútà jókòó tì í pẹ̀lú àgbà kan tí ó lè bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí òbí kó gbogbo ìwé ọmọ wá síbẹ̀ láti ìgbà tí ó bá ti wà ní ìwé kejì sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Orúkọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.